Doug Nicholls, Agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Ọsirélíà

Odò Murray ni odò tí ó gùn jù lọ ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Òun ni ààlà láàárín ìpínlẹ̀ New South Wales àti ìpínlẹ̀ Victoria. Ní etí odò náà, ní apá ti New South Wales, abúlé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cummeragunja. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Doug Nicholls ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1906.

Ọmọ Yorta Yorta ni. Ẹ̀yà Yorta Yorta wà lára àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà, àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún kí òyìnbó kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1788, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí ibi tí ìlú Sydney wà lónìí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba ilẹ̀, tí wọ́n ń fi ọgbà yí i ká, tí wọ́n sì ń sin àgùntàn lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ wá di àlejò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí Doug, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílẹ̀ ni ó ń gbé ní àwọn abúlé tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn, bíi Cummeragunja. Ọ̀gá òyìnbó kan ni ìjọba fi ṣe olórí ibẹ̀, ó sì ní agbára láti lé ènìyàn kúrò ní abúlé.

Ilé-ìwé wà ní Cummeragunja, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò ju ti kíláàsì kẹta lọ. Ohun tí àwọn aláṣẹ rò pé ó tó fún ọmọ onílẹ̀ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù ni ayọ̀ abúlé náà. Cummeragunja ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, àwọn ìlú òyìnbó tí ó yí wọn ká sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń fi ṣeré.

Òfin ìgbà náà gba ìjọba láàyè láti mú ọmọ kúrò lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ bí òbí náà bá jẹ́ onílẹ̀. Nígbà tí Doug di ọmọ ọdún 8, àwọn ọlọ́pàá wá sí ilé wọn. Wọ́n fi agbára mú Hilda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé kan ní ìlú Cootamundra, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin onílẹ̀ ní iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀. Hilda kò ṣẹ̀, kò rò. Ojú Doug ni wọ́n ṣe mú un lọ.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, Doug bá ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn oko àgùntàn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń rẹ́ irun àgùntàn, irin tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ máa ń gé ẹran náà lára nígbà mìíràn. Wọn á ké pe ọmọ tí korobá ọ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà á sáré wá, á fi ọ̀dà kun ojú ọgbẹ́ kí eṣinṣin má bàa bà lé e. Iṣẹ́ Doug nìyẹn. Láti ara àgùntàn kan dé ara òmíràn ni ó ń sáré ká, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bóyá níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yá.

Bọ́ọ̀lù tí Doug ń gbá kì í ṣe irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Melbourne, olú-ìlú Victoria, ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1859. Bọ́ọ̀lù náà kò rí róbótó, ńṣe ni ó gùn bí ẹyin. Pápá náà pàápàá rí bí ẹyin, ó sì tóbi púpọ̀. Ènìyàn 18 ni ó ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ń ṣọ́ ilé. Òpó mẹ́rin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun pápá níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín òpó méjì tí ó wà láàárín gba àmì 6. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òpó náà kọjá, àmì 1 péré ni.

Agbábọ́ọ̀lù lè fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kí ó kan ilẹ̀ lóòrèkóòrè. Kò gbọdọ̀ jù ú. Bí ó bá fẹ́ fún ẹlòmíràn, yálà kí ó fi ẹsẹ̀ gbá a tàbí kí ó fi ìkúùkù lù ú. Èyí tí àwọn òǹwòran fẹ́ràn jù ni pé bí ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè tí ẹlòmíràn sì hán an lójú òfuurufú kí ó tó kan ilẹ̀, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kí ó gbá tirẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Nítorí náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fò gun ara wọn léjìká láti hán an. Eré àwọn tí ó ga ni.

Doug kò ga. Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 58 péré ni gígùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé gíga ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó lè sáré bí ẹ̀fúùfù, bí ó bá sì fò sókè, àwọn tí ó fi orí gùn jù ú lọ ń wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Tongala, ìlú kékeré kan ní òdìkejì odò, ni ó kọ́kọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ní ọdún 1927, ó gbọ̀nà Melbourne lọ láti wá àyè nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ Carlton ni ó lọ bá. Carlton gbajúmọ̀ púpọ̀, inú Doug sì dùn pé wọ́n gbà á láti wá gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n lè wò ó.

Lórí pápá, kò sí ohun tí wọ́n rí wí sí i. Inú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó jáde sí pápá, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ń fi òróró wọ́ wọn lára kí iṣan wọn lè rọ̀. Nígbà tí ó kan Doug, wọ́n kọ̀, wọn kò fẹ́ fi ọwọ́ kan ara dúdú. Àwọn kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sì ń sọ pé ara rẹ̀ ń rùn, àwọn kò lè bá a pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá kan. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì sọ fún Doug pé kí ó máa lọ. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà.

Kò padà sí Cummeragunja. Northcote, ẹgbẹ́ mìíràn ní Melbourne, gbà á ní ọdún yẹn kan náà. Northcote kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí Carlton ń bá díje. Ìdíje kejì ni tirẹ̀, tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti Carlton. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni àwọn ará Melbourne ti mọ orúkọ Doug Nicholls. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni ipò rẹ̀, níbi tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ti lè fi ojú àwọn alátakò gbolẹ̀. Ní ọdún 1929, Northcote gba ife ìdíje náà, Doug sì wà nínú wọn.

Owó bọ́ọ̀lù kò pọ̀ láyé ìgbà náà, kò tó bọ́ ènìyàn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní láti wá iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Doug ní ẹsẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ náà wá owó. Ní Victoria, àwọn ìlú kéékèèké máa ń ṣe eré ìje tí ẹni tí ó bá borí máa ń gba owó. Ní ọdún 1929 kan náà, Doug borí nínú eré ìje ti Nyah àti ti Warracknabeal. Lẹ́yìn èyí, òkìkí rẹ̀ kàn débi pé àwọn tí ń ṣètò eré ìje ń san owó fún un kí ó ṣáà lè wá. Ní ọdún 1931, ó tún bá ẹgbẹ́ akànṣẹ́ Jimmy Sharman lọ. Ẹgbẹ́ yìí ń pa àgọ́ láti ìlú dé ìlú, ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹwòran tí ó bá láyà lè jáde wá bá àwọn akànṣẹ́ náà jà. Eré líle ni. Doug kúrú, ṣùgbọ́n kò sá fún ẹ̀ṣẹ́.

Ní ọdún 1932, ẹgbẹ́ Fitzroy pè é. Inú ìdíje ńlá ni Fitzroy wà, ìdíje tí Carlton wà. Doug ti pé ọmọ ọdún 25. Ọdún márùn-ún ti kọjá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ti Carlton, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ inú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ní Fitzroy, igun kan ni ó lọ jókòó sí, òun nìkan. Ó ti mọ ohun tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ènìyàn.

Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà rí i níbi tí ó wà. Haydn Bunton ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, 1931, Bunton ti gba àmì-ẹ̀yẹ Brownlow, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ tí kò sì ṣe màgòmágó. Ìgbà mẹ́ta ni ó sì gbà á kí ó tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Melbourne. Bunton dìde, ó rìn kọjá láàárín yàrá náà, ó lọ sí igun tí Doug wà, ó sì jókòó tì í. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ti pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí ẹni tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ẹgbẹ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ pé òun kò lè jókòó ti Doug? Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́.

Láti 1932 sí 1937, ìgbà 54 ni Doug wọ aṣọ Fitzroy. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn láti máa wo ọkùnrin kúkúrú yìí bí ó ṣe ń yọ́ gba àárín àwọn géńdé kọjá. Ní ọdún 1935, wọ́n yàn án sínú ẹgbẹ́ tí ó ṣojú ìpínlẹ̀ Victoria láti bá ìpínlẹ̀ mìíràn díje. Kò sí ọmọ onílẹ̀ kankan tí wọ́n ti yàn bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá rẹ̀ kú ní àárín àwọn ọdún yìí. Ikú náà dun Doug gan-an, ó mú un ronú nípa ẹ̀sìn Kírísítì tí ìyá rẹ̀ ti fi tọ́ ọ dàgbà, ó sì padà sínú ìjọ. Ní ọdún 1938 ó padà sí Northcote. Ṣùgbọ́n eékún rẹ̀ ti ń dùn ún, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 1939.

Nígbà tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ mìíràn ti ń pè é. William Cooper, àgbàlagbà ọmọ Yorta Yorta tí òun náà ti gbé Cummeragunja, wà ní Melbourne, ó ń kọ̀wé sí ìjọba léraléra nítorí ìyà tí ó ń jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òyìnbó kò mọ Cooper, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Doug Nicholls. Bí Doug bá dìde láti sọ̀rọ̀, wọ́n á dúró gbọ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1938, àwọn òyìnbó ń ṣe àjọ̀dún 150 ọdún tí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Sydney. Àwọn onílẹ̀ pé jọ nínú ìlú náà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ọ̀fọ̀. Doug wà níbẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1939, ọ̀rọ̀ Cummeragunja fúnra rẹ̀ bú gbàmù. Ọ̀gá ibẹ̀ le koko mọ́ àwọn ènìyàn, oúnjẹ kò tó, ilé kò dára. Àwọn tí ó lé ní 150 di ẹrù wọn, wọ́n rékọjá odò Murray bọ́ sí Victoria. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà mọ́.

Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ wá ń wá iṣẹ́ lọ sí Melbourne, wọ́n sì ń gbé ní àdúgbò Fitzroy, níbi tí owó ilé kò ti wọ́n. Ọtí mu àwọn kan lára wọn bí omi, tẹ́tẹ́ jẹ owó àwọn mìíràn, àwọn ọlọ́pàá sì ń kó wọn. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, Doug wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1941. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1942, àwọn ọlọ́pàá Fitzroy fúnra wọn ni ó bẹ àwọn ológun pé kí wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí àwọn onílẹ̀ àdúgbò náà máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu bíi tirẹ̀. Doug padà wálé. Ó ń lọ bá àwọn tí wọ́n tì mọ́lé, ó ń wá iṣẹ́ fún àwọn tí kò ní. Ó di pásítọ̀ ìjọ kékeré kan ní òpópónà Gore ní Fitzroy, ìjọ àwọn onílẹ̀. Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti ń pè é ní Pásítọ̀ Doug.

Ọdún 1942 yìí ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa Howard ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Doug fẹ́ Gladys, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tọ́ àwọn ọmọ náà mọ́ àwọn tí òun àti Gladys bí. Gladys kì í ṣe ẹni tí ó ń jókòó sílé wo ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé tí àwọn ọ̀dọ́ onílẹ̀ lè máa gbé bí wọ́n bá wá sí Melbourne fún ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́, òun ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní ọdún 1957, Doug wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Victoria láti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀. Ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Victoria fẹ́ pa abúlé àwọn onílẹ̀ ní Lake Tyers rẹ́, kí wọ́n tú àwọn ènìyàn ibẹ̀ ká, Doug fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1963, ó sì kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n rìn lọ sí ilé aṣòfin. Ìjà náà pẹ́. Ní ọdún 1971, ìjọba fi ilẹ̀ Lake Tyers lé àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí ó ń dun àwọn onílẹ̀ púpọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Ọsirélíà sọ pé nígbà tí wọ́n bá ń ka iye ènìyàn ilẹ̀ náà, wọn kò gbọdọ̀ ka àwọn onílẹ̀ mọ́ ọn. Iye àgùntàn ni ìjọba mọ̀. Doug àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dúdú àti funfun, lọ káàkiri láti bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n yí òfin náà padà. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, gbogbo orílẹ̀-èdè dìbò lórí rẹ̀. Nínú olùdìbò 100, ó lé ní 90 tí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọdún 1972, Ọbabìnrin Elizabeth fi oyè Sir dá Doug lọ́lá. Òun ni onílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1976, ó di gómìnà ìpínlẹ̀ South Australia. Gómìnà ni ó ń ṣojú ọba níbẹ̀. Òfin tí àwọn aṣòfin bá ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń bọ̀ kí ó tó di òfin. Ọmọ tí àwọn ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lábẹ́ òfin ni ó wá ń fi ọwọ́ sí òfin. Kò pẹ́ lórí oyè náà. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1977.

Doug Nicholls kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1988. Ọmọ ọdún 81 ni. Ìjọba ṣe ìsìnkú ẹ̀yẹ fún un, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà lọ sí Cummeragunja, wọ́n sin ín sí ibẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣe ère òun àti Gladys sí ọgbà tí ó wà lẹ́bàá ilé aṣòfin ní Melbourne. Láti ọdún 2016, wọ́n ti ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá Ọsirélíà lọ́dọọdún, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Nígbà tí ó bá tó àkókò, aṣọ tí àwọn ayàwòrán onílẹ̀ ya iṣẹ́ ọnà sí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó jáde sí pápá. Gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń wọ̀ ọ́, Carlton náà sì wà lára wọn.